Bí Iná Bá Lọ ní Tube, Ta Ló Yẹ Kó Gun Òpó, Ta Ló Yẹ Ká Fi Tó Létí?

Láti Ìlaròó dé Ayétòrò, títí lọ dé Tube àti àwọn abúlé mìíràn ní apá ibi tí ilẹ̀ Yewa ti bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ pààlà, ohun tí a máa ń ṣe bí iná bá lọ kò yàtọ̀ púpọ̀. A ó yọjú wo ilé kejì. Bí òkùnkùn bá wà níbẹ̀ náà, a ó ní "NEPA ti mú iná," ọ̀rọ̀ sì parí. Bí iná bá wà níbẹ̀, a ó ránṣẹ́ sí ọmọ àdúgbò tó mọ̀ nípa wáyà pé kó gbé àkàbà wá. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni pe iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Ó tún ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á sì ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú owó wá.

Àṣà yìí ń gba ohun méjì lọ́wọ́ wa. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí àwọn tó ń gun òpó tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún wa, ṣùgbọ́n tí a kì í béèrè fún. Yíyẹ iná wò láìfara pa àti fífi í tó iléeṣẹ́ létí kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá mọ ibi tí ìṣòro wà ló máa mọ ẹni tó yẹ kó fọwọ́ kàn án, òun náà ló sì máa mọ ohun tí yóò sọ nígbà tó bá pe iléeṣẹ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le lẹ́bàá ààlà

Ẹni tó wà ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, bí iná bá lọ, tó sì lówó lọ́wọ́, yóò ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Lẹ́bàá ààlà, ọ̀rọ̀ epo kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ààlà pa, àwọn aṣọ́bodè pàṣẹ pé kí wọ́n má ja epo mọ́ sí ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, nítorí àwọn tó ń kó epo sọdá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ará Yewa fi ń ráhùn pé àwọn ní láti rìn jìnnà kí àwọn tó rí epo rà. Nígbà tí ìjọba tún kéde òpin owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá epo bẹ́tiróòlù kan tí kò tó igba náírà fò dé nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Nítorí náà, bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta ní abúlé létí ààlà, ohun tó ń bàjẹ́ pọ̀ ju ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lọ. Ẹ̀rọ tó ń fa omi àlùwàlá ní mọ́sálásí dákẹ́, ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, ẹja inú fíríìjì ìyá ọlọ́jà bàjẹ́, fóònù tí a fẹ́ fi pe dókítà náà kú. Irú ìnira bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ènìyàn kánjú gun òpó.

Inú ń bí àwọn kan pẹ̀lú nítorí ohun mìíràn. Láti ọdún 2007 ni wáyà ńlá kan ti ń gbé iná láti Ìkẹjà kọjá ilẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ògùn lọ sí Sakété ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìbéèrè wọn ni pé kí ló dé tí iná fi ń sọdá, tí àwọn tó wà létí ààlà sì wà lókùnkùn. Ìbéèrè gidi ni. Ní ọdún 2024, àjọ NERC tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà fi òté lé iná tí a lè tà sókè òkun: wọ́n ní nígbà náà pé kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún iná tí a ń pèsè. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ pé fóòtì 330,000 ló ń gba orí wáyà náà kọjá. Kò sí abúlé tó lè já iná láti ara rẹ̀, àfi tí wọ́n bá kọ́ ibùdó ńlá tí yóò máa dín agbára rẹ̀ kù. Ọ̀rọ̀ ìjọba nìyẹn. Èyí tó wà lọ́wọ́ tiwa ni òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

Ìbéèrè mẹ́rin kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ìkíní: ṣé ilé mi nìkan ni? Ẹ wo mítà. Bó bá jẹ́ oníkáàdì, ó lè jẹ́ pé owó inú rẹ̀ ló tán. Bí owó bá wà níbẹ̀, ẹ wo bírékà. Bí ó bá ti já wálẹ̀, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà nínú sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan péré, pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ àti bàtà lẹ́sẹ̀. Bó bá tún já, ẹ fi í sílẹ̀. Ohun kan wà nínú ilé tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ló sì lè wá a rí. Ẹni tó bá fi wáyà nípọn di ojú fíúsì tó jó, ohun tó ń dáàbò bo ilé rẹ̀ ló yọ kúrò yẹn. Bí iná bá tún gbóná jù lọ́jọ́ mìíràn, fíúsì kò ní já mọ́, wáyà inú ògiri ni yóò jó. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ohun tó ń jó, tàbí tí ògiri ibi tí sókẹ́ẹ̀tì wà bá ń gbóná, ẹ pa bírékà ńlá bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu, kí ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Bí ojú mítà bá ṣófo, tí àwọn aládùúgbò sì ní iná, ó ṣeé ṣe kí ìṣòro wà lára mítà tàbí wáyà tó ti orí òpó wá. Ohun ìní iléeṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣí i, ẹ pè wọ́n.

Ìkejì: ṣé àwọn kan ní iná, tí àwọn kan kò ní? Ohun tí a ń pè ní fẹ́ẹ̀sì nìyí. Wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná ló ń jáde láti ara tiransifọ́mà àdúgbò, wọ́n sì pín àwọn ilé sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí fíúsì ọ̀kan bá jó, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àdúgbò yóò wà lókùnkùn. Ibi yìí gan-an ni àkàbà ti máa ń jáde, kí wọ́n lè yí ilé kan kúrò lórí fẹ́ẹ̀sì tó kú bọ́ sórí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bí ilé mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù fẹ́ẹ̀sì méjì tó kù yóò pọ̀ jù, fíúsì tiwọn náà yóò sì jó. Nígbà mìíràn tiransifọ́mà fúnra rẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Fíúsì kan tí iléeṣẹ́ ì bá pààrọ̀ ní wákàtí kan ti wá di òkùnkùn olóṣù fún gbogbo ìlú.

Ìkẹta: ṣé iná náà ń ṣe bákan? Bí gílóòbù kan bá ń tàn yòò ju bó ṣe yẹ lọ tí òmíràn sì ń ṣe bàìbàì, ó lè jẹ́ pé wáyà nútírà ti já níbì kan. Ẹ má dúró wò ó. Ẹ pa bírékà ńlá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè jó fíríìjì àti amóhùnmáwòrán gbogbo ilé tó wà lórí tiransifọ́mà kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ìkẹrin: ṣé gbogbo ìlú ni, àti àwọn ìlú tó yí wa ká? Ẹ tan rédíò. Ó lè jẹ́ wáyà fídà tó ń gbé iná wá sí ẹkùn yín ló já, tàbí kó jẹ́ gíríìdì ló wó, ìyẹn ẹ̀rọ àpapọ̀ tó so iná gbogbo Nàìjíríà pọ̀. Ó wó lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, lára wọn ni ti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá àti ti ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi àkàbà ṣe. Ẹ yọ ohun èlò yín kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi gílóòbù kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ àmì pé iná ti dé.

Wáyà tó já kì í ṣe òkú wáyà

Lẹ́yìn ìjì òjò, a máa ń rí wáyà tó já sílẹ̀. Nítorí pé iná ti lọ, àwọn ènìyàn á rò pé kò lè ṣe nǹkan kan. Irọ́ ni. Wáyà tó já lè ní iná lára nígbà tí gbogbo ilé wà lókùnkùn, èyí tí kò sì ní lè ní in nígbàkigbà tí wọ́n bá tan iná padà láti ibùdó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ọmọ yín dúró tì í.

Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2017, wáyà ńlá kan já lu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní ìlú Calabar, níbi tí àwọn ènìyàn ti péjọ láti wo Manchester United àti Anderlecht. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ kéde pé ènìyàn méje ló kú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2022, wáyà já lu ọjà Matadi-Kibala ní Kinshasa, olú ìlú Kóńgò, lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ tí omi sì dúró nílẹ̀. Ènìyàn 26 ló kú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ìyá ọlọ́jà. Kò pọn dandan kí ènìyàn fọwọ́ kan wáyà kó tó pa á. Ilẹ̀ tútù ń gbé iná, páànù ń gbé iná, ọgbà onírin ń gbé iná.

Nítorí náà, ẹ jìnnà sí wáyà tó já, ó kéré tán mítà mẹ́wàá, kí ẹ sì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bá tutù. Ẹ yan àgbàlagbà kan ní apá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa dá àwọn ọmọdé àti ọlọ́kadà dúró. Ẹ má fi igi tì í kúrò lọ́nà. Igi gbígbẹ lè gba ènìyàn lọ́wọ́ wáyà inú ilé, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ wáyà tó ń gbé fóòtì 11,000 tàbí 33,000. Bí wáyà bá já lu ọkọ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jókòó sínú rẹ̀ títí iléeṣẹ́ yóò fi pa iná, àyàfi tí ọkọ̀ náà bá ń jó. Bí iná bá gbé ẹnìkan nínú ilé, ẹ má fi ọwọ́ fà á. Ẹ pa bírékà ńlá ná, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà pàjáwìrì orílẹ̀-èdè yìí ni 112.

Ewu kejì wà nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí kò ní ṣénjóòfà, tó kàn ki wáyà jẹnẹrétọ̀ bọ sókẹ́ẹ̀tì, ń rán iná padà sórí òpó. Tiransifọ́mà tó ń sọ agbára iná di kékeré nígbà tó bá ń bọ̀ ló ń sọ ọ́ di ńlá nígbà tó bá ń padà. Fóòtì 240 láti inú jẹnẹrétọ̀ kékeré yín lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí wáyà tí òṣìṣẹ́ kan ń tún ṣe. Bákan náà, jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú ilé, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé yàrá. Gáàsì tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tirẹ̀, ó sì ń pa gbogbo ilé lójú oorun.

Ohun tí a kò fi tó wọn létí, wọn kò rí i

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé iléeṣẹ́ ti mọ̀ pé iná lọ. Ó lè jẹ́ òtítọ́ bó bá jẹ́ fídà ńlá ló já, nítorí wọ́n á rí i ní ibùdó wọn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ fíúsì kan ló jó lórí tiransifọ́mà abúlé létí ààlà, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí ẹ̀rọ tí yóò sọ fún wọn. Nínú ìwé wọn, ẹ̀yin ní iná. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín àwọn oníbàárà sí ẹgbẹ́ márùn-ún gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí iná tó yẹ kí wọ́n máa rí lójúmọ́: A, ó kéré tán wákàtí 20, B, 16, C, 12, D, 8, E, 4. Owó tí ẹ ń san bá ẹgbẹ́ yín mu. Bí ẹ kò bá ní àkọsílẹ̀ pé wákàtí náà kò pé, kí ni ẹ ó fi jà?

Bí ẹ bá pe nọ́ńbà tó wà lára bíìlì yín, tàbí tí ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn tó súnmọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ bí ewu bá wà: wáyà tó já, òpó tó fẹ́ wó, tiransifọ́mà tó ń jó. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ orúkọ abúlé àti ohun tí wọ́n fi lè mọ ibẹ̀, orúkọ tàbí nọ́ńbà tó wà lára tiransifọ́mà, nọ́ńbà mítà yín, aago tí iná lọ, àti bóyá gbogbo ìlú ni tàbí apá kan. Bí ẹ bá ya fọ́tò, ọ̀nà jíjìn ni kí ẹ ti yà á. Kí ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yín àti orúkọ ẹni tó gbọ́ ọ, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Bó bá ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ẹ kọ lẹ́tà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ ó mú padà wálé.

Ta ló yẹ kó ra tiransifọ́mà?

Ọ̀rọ̀ tó ń fa owó jù nìyí. Òfin NERC ti sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà tàbí àdúgbò láti ra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà ìta, tàbí láti tún wọn ṣe. Iṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ń pín iná ni. Bí àdúgbò bá fẹ́ náwó sí i nítorí kò lè dúró, ìlànà kan ti wà láti ọdún 2015: kí àdúgbò àti iléeṣẹ́ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn, tí yóò sọ bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà. Bí ẹ bá dá owó láìsí ìwé, ẹ ti fi tiransifọ́mà tọrẹ nìyẹn.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ará ìlú ran ara wọn lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìrànwọ́ àti kí àwọn tálákà máa san gbèsè ẹlòmíràn nítorí pé wọn kò mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn.

Ibi tí ẹjọ́ ń lọ ti yí padà

Ọdún 1972 ni wọ́n dá NEPA sílẹ̀. Ní 2005 ó di PHCN, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́. Apá tó pọ̀ jù nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti Yewa nínú rẹ̀, bọ́ sábẹ́ IBEDC tó wà ní Ìbàdàn. Nígbà náà, bí ẹ̀sùn bá kọjá iléeṣẹ́, NERC ló máa ń gbọ́ ọ.

Ní ọdún 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, òfin iná tuntun sì jáde ní oṣù kẹfà ọdún náà. Òfin náà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti máa ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tó ti ṣe òfin tiwọn, tí wọ́n sì ti gba iṣẹ́ ìṣàkóso yìí lọ́wọ́ NERC. Ohun tó túmọ̀ sí fún ará Tube ni pé ẹni tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́yìn iléeṣẹ́ ti súnmọ́ ọn. Àjọ ìpínlẹ̀ ni, lábẹ́ ìjọba tí a ń dìbò yàn, tí àwọn aṣòfin wa ní Abẹ́òkúta sì lè bi ní ìbéèrè. Ìlànà kò yí padà: iléeṣẹ́ lẹ ó kọ́kọ́ lọ bá, bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ síwájú pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn àti ẹ̀dà lẹ́tà yín. Láìsí ìwé wọ̀nyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi yín ni pé, "Ìgbà wo lẹ sọ fún wọn?"

Ẹlòmíràn á ní, "A ti pè wọ́n títí, wọn kò dá wa lóhùn." Òótọ́ lọ̀pọ̀ wọn ń sọ. Ìpè kan lè bọ́ sí etí dídi. Ṣùgbọ́n ìwé tó fi hàn pé abúlé kan pè ní ìgbà mẹ́sàn-án láàárín oṣù méjì, pẹ̀lú ọjọ́, aago àti nọ́ńbà ẹ̀sùn, ó nira fún àjọ ìpínlẹ̀ láti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì nira fún aṣòfin tó fẹ́ ìbò lọ́la láti sọ pé òun kò gbọ́. Ọmọ tó gun òpó kò fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá rí i tún ṣe, kò sí ẹni tó mọ̀ pé iná lọ rí. Bí ó bá kú, iléeṣẹ́ á ní àwọn kò rán an.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ná wa ju ìwé kan àti ènìyàn méjì lọ. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, ẹgbẹ́ onílé tàbí CDA yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé, kí ọ̀kan máa kọ ìgbà tí iná lọ àti ìgbà tó dé, kí èkejì máa pe iléeṣẹ́. Kí wọ́n lẹ nọ́ńbà iléeṣẹ́ àti nọ́ńbà tiransifọ́mà mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà sétí ìjọ ní ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sì tún kìlọ̀ fún àwọn òbí nípa wáyà tó já. Kí a sì sọ fún àwọn ọmọ wa tó mọ̀ nípa iná pé inú ilé ni iṣẹ́ wọn mọ, bẹ̀rẹ̀ láti bírékà wọlé. Ohun tó wà lórí òpó, ẹni tó ń gba owó iná lọ́wọ́ wa ni kó wá gùn ún.